Lẹ́yìn tí katakata wó Ilé Arúgbó: Ta ló kù tó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà Ìlọrin?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe rí fáwọn àgbàlagbà ìlú Ìlọrin, kó má wulẹ̀ lọọ bi olóṣèlú kankan. Kó jí lọ sí títì Basin láàárọ̀ ọjọ́ tówó pẹ́ńṣàn bá wọlé, kó dúró síbi táwọn kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń gbérò. Yóò rí bàbá tó fi ọ̀pá tilẹ̀, tó ká fáìlì kan tó ti gbó mọ́ abíyá, tó ń bi onímárúwá pé èló ni wọ́n ń gbà dé Post Office. Tíyẹn bá pe iye, bàbá kì í fèsì lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ dákẹ́, á máa ṣírò rẹ̀ nínú: àlọ tèló, àbọ̀ tèló, èló ló máa kù tí wọ́n á fi ra oògùn. Àwọn mìíràn á kàn ní kónímárúwá máa lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn díẹ̀díẹ̀.

Kó tó di ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gorí àlééfà, tó sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, lítà epo kan ò tó igba náírà níye tíjọba fi lé e. Nígbà tó fi máa di oṣù keje ọdún yẹn, ó ti lé ní ₦600. Kò sí onímárúwá tó máa jẹ gbèsè nítorí pé èrò rẹ̀ ti darúgbó. Ọ̀dọ́ tọ́rọ̀ yẹn bá ká mọ́ lè fẹsẹ̀ rìn láti Basin dé Tanke, kó máa kọrin lọ. Orúnkún ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin kì í gbọ́ irú àwáwí bẹ́ẹ̀.

Inú fáìlì tí bàbá ká mọ́ abíyá yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ wà níbẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n fi dá a dúró pé ó ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún, tàbí pé ó ti lo ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, òun náà wà níbẹ̀, fọ́tò pélébé bíi mẹ́rin, àti fọ́tò kọ́pì lóríṣiiríṣii. Ohun tí bàbá ní láti fi sọ pé òun ti ṣiṣẹ́ sin ìlú rí nìyẹn. Ká má ti ì sọ tìyá tó ta gàrí lọ́jà fógójì ọdún, tí kò ṣiṣẹ́ ìjọba lọ́jọ́ kan. Ìyẹn ò tiẹ̀ ní fáìlì rárá.

Àmọ́ o, tí wọ́n bá ní kí ará Ìlọrin dárúkọ ibì kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ torí àwọn arúgbó, ibì kan ṣoṣo ló máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Ilé Arúgbó ni, èyí tó wà ní òpópónà Ilọfa, nínú GRA. Olóyè Olúṣọlá Sàràkí ló dá ibẹ̀ sílẹ̀, dókítà òyìnbó tó di olóṣèlú, tó ṣe aṣáájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láàárín 1979 sí 1983, tó sì jẹ́ pé ohun tó bá sọ nínú òṣèlú Kwara labẹ́ máa ń gé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibẹ̀ làwọn ìyá àgbà máa ń péjọ sí, wọ́n á jẹun, wọ́n á gba owó, wọ́n á gbàdúrà fún Olóyè, wọ́n á lọ sílé. Nígbà tí Sàràkí kú lọ́jọ́ 14, oṣù kọkànlá, ọdún 2012, àwọn ọmọ rẹ̀ ò jẹ́ kí ibẹ̀ pa rẹ́. Bùkọ́lá, ọmọ rẹ̀, ti ṣe gómìnà láti 2003 dé 2011, ó sì padà di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà lọ́dún 2015.

Àfi bí ọdún 2019 ṣe dé, tí igbe "Ó tó gẹ́ẹ́" gba gbogbo Kwara kan. Ìbò tí wọ́n dì lọ́dún náà gbá ìdílé Sàràkí àtàwọn èèyàn wọn dànù lórí àga, Abdulrahman Abdulrazaq sì di gómìnà. Ẹ má gbàgbé o, ọmọ ẹni ńlá lòun náà. Bàbá tiẹ̀, Alàgbà A.G.F. Abdulrazaq, ni ẹni àkọ́kọ́ tó di lọ́yà ní gbogbo ilẹ̀ Òkè Ọya. Ọmọ Ìlọrin méjì, ilé ńlá méjì. Àwọn tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ nílùú ò ṣàìmọ̀ pé ìjà náà ò lè parí sínú àpótí ìbò.

Kò pé oṣù mẹ́jọ tó dé ipò tíjọba fi sọ pé àwọn ti gba ilẹ̀ Ilé Arúgbó padà. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ilẹ̀ ìjọba ni, pé wọ́n ti là á sílẹ̀ tipẹ́ fún ilé ìwòsàn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọ́fíìsì, àti pé àwọn ò rí ìwé kankan tó fi hàn pé iléeṣẹ́ Asa Investments tó jẹ́ ti Sàràkí san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ìdílé Sàràkí ní irọ́ ni, pé ọ̀nà tó tọ́ ni wọ́n gbà fún bàbá àwọn nílẹ̀, ẹ̀san òṣèlú nìjọba ń gbà. Wọ́n sáré gba kóòtù lọ. Àwọn ìyá arúgbó ní tiwọn kó ara wọn jọ síbẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní í kúrò.

Nídàájí ọjọ́ 2, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2020, tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń jẹ ìrẹsì ọdún tuntun tó ṣẹ́ kù, katakata wọlé sí òpópónà Ilọfa. Wọ́n ní àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Ilé Arúgbó ti di òkìtì. Bùkọ́lá pariwo. Gbemisọ́lá, àbúrò rẹ̀ obìnrin, náà pariwo, bẹ́ẹ̀ inú ẹgbẹ́ APC kan náà lòun àti gómìnà wà, mínísítà kékeré fún ètò ìrìnnà sì ni nígbà náà. Gbogbo Nàìjíríà ló gbọ́. Ìwé ìròyìn kò ní iṣẹ́ mìíràn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tó yani lẹ́nu nínú gbogbo ariwo ọ̀hún ni pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí. Ta ló nilẹ̀? Ta ló sanwó? Ìwé dà? Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó sun ibẹ̀ mọ́jú ńkọ́? Níbo ni wọ́n ti máa jẹun lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e? Ìbéèrè yẹn ò gbọn-in lẹ́nu ìhà méjèèjì bó ṣe yẹ.

Ìlú onísàráà ni Ìlọrin, kò sì sẹ́ni tó máa bú ẹni tó bá fún ìyá arúgbó lóúnjẹ. Ẹ̀san rẹ̀ ńbẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Àmọ́ ọwọ́ ẹni tó ń ṣe sàráà ni sàráà wà. Tó bá wù ú lónìí, á ṣe é. Tó bá bínú lọ́la, tàbí tó kú, tàbí tíjọba kó katakata wá, ó parí nìyẹn. Ìyá tó ń gba sàráà ò lè lọ sí kóòtù kó ní wọn ò fún òun ní tọ̀sẹ̀ yìí. Ìyẹn ló fi yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́. Ẹ sì tún wò ó o, ìjọba tó wólé náà, kò pẹ́ púpọ̀ tóun náà fi gbé ètò owó kan kalẹ̀ fáwọn àgbàlagbà lábẹ́ KWASSIP. Orúkọ wo ni wọ́n sọ ọ́? Owó Arúgbó! Àbí ẹ ò rí nǹkan.

Ká sòótọ́, Owó Arúgbó sún síwájú ju Ilé Arúgbó lọ lọ́nà kan. Owó ìjọba ni, iléeṣẹ́ ìjọba ló ń pín in, wọ́n sì ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí. Ẹni tó bá gbà á kì í ṣe alejò ẹnì kan. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ékìtì ò ní í tètè fò sókè. Lóṣù kẹwàá, ọdún 2011, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ti lé lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rin tí wọn ò rí já jẹ ní ₦5,000 lóṣooṣù. Owó ńlá ni nígbà náà, ìyá àgbà lè fi ra èlùbọ́ àti oògùn kó sì ṣẹ́ ku díẹ̀. Lọ́dún 2014, Fáyẹmí fìdí rẹmi nínú ìbò, Ayọ̀délé Fáyòṣe gorí àga, owó náà sì dáwọ́ dúró. Àwọn arúgbó tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà ló jẹ ìyà ìbò.

Àwọn òyìnbó náà ti gba ibí yìí kọjá rí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, tálákà tó bá darúgbó, tí kò ní ọmọ, ilé àwọn òtòṣì ni wọ́n ń kó o lọ, ìtìjú ńlá sì ni. Ọdún 1908 ni wọ́n ṣòfin pé kí ẹni tó bá ti pé àádọ́rin ọdún, tí kò rí já jẹ, máa gba ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀. Ọjọ́ 1, oṣù kìn-ín-ní, 1909 ni wọ́n kọ́kọ́ san án. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti ń gbà á, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń ra sítáǹbù. Kò sí pé à ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ìjọba tó ṣe é ti kúrò tipẹ́, òmíràn ti dé, òmíràn tún ti kúrò, owó náà ò dúró. Ní South Africa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 1928, àwọn aláwọ̀ dúdú sì wọ inú rẹ̀ lọ́dún 1944. Nígbà táwọn onímọ̀ wádìí rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé owó tí ìyá àgbà ń gbà ń hàn lára àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbélé: wọ́n sanra dáadáa sí i, wọ́n sì ga sí i. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá bọ́ ìyá àgbà, gbogbo ilé ló bọ́.

Kì í kúkú ṣe pé Kwara ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun kan ti ṣẹlẹ̀ rí ní ìpínlẹ̀ yìí tó jẹ́ pé àwọn ará òkèèrè mọ̀ ọ́n ju àwọn ará Basin fúnra wọn lọ. Lọ́dún 2007, ìjọba Kwara, àwọn ará Netherlands tó kó owó wá, àti iléeṣẹ́ Hygeia bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera adójútòfò kan ní Shonga, wọ́n sì mú un dé Àfọ̀n ní ìjọba ìbílẹ̀ Asa lọ́dún 2009. Ọ̀ọ́dúnrún náírà péré, ìyẹn ₦300, lẹni kan máa san fún odindi ọdún. Àwọn tó kù ló ń bá a gbé èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n tún àwọn ọsibítù abúlé ṣe, wọ́n kó oògùn sí wọn, wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí gan-an ni olórí ọ̀tá àgbàlagbà. Kì í dun èèyàn, kì í pariwo, ọjọ́ tó bá máa pariwo, apá kan ara á ti rọ. Oògùn rẹ̀ kì í ṣe èyí téèyàn ń lò fọ́sẹ̀ kan kó jù ú nù. Títí ayé ni. Ẹni tí kò bá ní owó á lò ó lóṣù yìí, á fò ó lóṣù tó ń bọ̀, àìsàn náà á sì máa rẹ́rìn-ín. Nígbà táwọn dókítà tọpa àwọn èèyàn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru láwọn abúlé Kwara yẹn, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2014 fi hàn pé tàwọn tó wà níbi tí ètò náà wà fi nǹkan bíi ìwọ̀n mẹ́wàá wálẹ̀, àmọ́ níbi tí kò sí, nǹkan bíi márùn-ún péré ló fi wálẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá bàbá tàbí ìyá lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rí, ẹ mọ ohun tí nọ́ńbà òkè yẹn túmọ̀ sí. Lọ́dún 2016, ètò náà dúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru ò mọ̀ pé wọ́n ti dá a dúró ní tiẹ̀.

Lónìí, iléeṣẹ́ ìlera adójútòfò ti ìpínlẹ̀ Kwara ti wà, èyí tíjọba fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ibi tó yẹ kí ọmọ tó bá ní òbí àgbà ní Basin kọ́kọ́ lọ nìyẹn, kó bèèrè iye tí wọ́n ń gbà, kó bèèrè ọsibítù tí wọ́n máa kọ orúkọ bàbá sí. Kó yan èyí tó sún mọ́ ilé. Ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, UITH, tó wà ní Òkè-Ọ̀sé, dára fún àìsàn tó le, àmọ́ ta ló máa gbé ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún lọ síbẹ̀ torí kí wọ́n ṣáà lè wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Ọjọ́ kan á tán níbẹ̀. Tó bá délé, ara rẹ̀ á burú ju ti àárọ̀ lọ.

Ìbàdàn ti fi ọ̀nà kan hàn. Lọ́dún 2012 ni wọ́n ṣí ibi ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní UCH, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó kọ́ ọ ni Olóyè Tony Anenih. Olóṣèlú lòun náà, àgbà ẹgbẹ́ PDP, ọ̀rọ̀ òṣèlú rẹ̀ ò sì dùn mọ́ gbogbo èèyàn nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ́lé tán, ó fà á lé ọsibítù lọ́wọ́. Àwọn dókítà tí ìjọba ń sanwó fún ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, káàdì tí aláìsàn ń gbà, ti UCH ni. Anenih kú lóṣù kẹwàá, ọdún 2018. Àwọn arúgbó kò mọ̀ ọ́n lára, wọ́n ṣì ń lọ gba oògùn. Òun àti Olóyè Sàràkí jọ fúnni lẹ́bùn ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan fi ẹ̀bùn tiẹ̀ sí ìkáwọ́ iléeṣẹ́, èkejì fi tiẹ̀ sí ìkáwọ́ ẹbí. Ẹ sì rí ibi tí wọ́n já sí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tówó nìkan ò lè yanjú. Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ òkété ìsinsìnyí ti lọ sí Kánádà. Ó ń fowó ránṣẹ́ o, ó ń pe bàbá lórí fóònù lálaalẹ́ o, ojú ara wọn ni wọ́n tiẹ̀ ń rí. Àmọ́ ojú inú fóònù ò lè gbé garawa omi. Kò lè mọ̀ pé bàbá ti fi oògùn àárọ̀ pọ̀ mọ́ tìrọ̀lẹ́, kò lè mọ̀ pé ìyá ti ṣubú ní balùwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí kò fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú agbo ilé lójà Ọba tàbí Pàkátà, ìyàwó ilé kan á ti rí i. Níbi tí olúkúlùkù bá ti ti géètì mọ́rí, ó di ọjọ́ tí mèkúnnù tó ń ta omi bá kan ìlẹ̀kùn tí kò gbọ́ ìdáhùn. Nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, tó ní ìwé tí orúkọ gbogbo ẹni tó ti lé láàádọ́rin ọdún ládùúgbò wà nínú rẹ̀, tó ń yà sílé wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, á ṣe é ju ẹgbẹ̀rún àpò ìrẹsì lọ. Owó oṣù ẹnì kan ni. Ẹ fi wé iye tí wọ́n ń ná lórí pátákó tí wọ́n ń lẹ fọ́tò olóṣèlú mọ́.

L'Ábùjá, ìwé ò tán. Òfin wà tó dá ibùdó ìjọba àpapọ̀ fáwọn àgbàlagbà sílẹ̀, ìyẹn National Senior Citizens Centre, wọ́n sì fọwọ́ sí ìlànà ìjọba lórí ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó lọ́dún 2021. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 pàápàá sọ ọ́ láì fi bọpo bọyọ̀ pé kí wọ́n máa tún owó pẹ́ńṣàn gbé yẹ̀ wò lọ́dún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkígbà tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ bá lọ sókè. Ọjọ́ táyé yà sọ́tọ̀ fáwọn àgbàlagbà, ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, ọjọ́ òmìnira Nàìjíríà ló bọ́ sí. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ, ariwo ìyan sójà ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun kékeré kan tiẹ̀ wà tíjọba àpapọ̀ ṣe tó dáa. PTAD, àwọn tó ń san pẹ́ńṣàn fáwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àtijọ́, ti mú ètò kan jáde tí wọ́n pè ní "I Am Alive". Orúkọ náà pani lẹ́rìn-ín, àbí kí ni kí bàbá máa jẹ́rìí pé òun ò tí ì kú. Ṣùgbọ́n inú ilé ni wọ́n ti lè ṣe é lórí fóònù, ọmọ-ọmọ kan á bá wọn di í mú, fóònù á yẹ ojú wọn wò, ó tán. Ẹni tó bá rántí bí àwọn arúgbó ṣe máa ń tò sínú oòrùn fún àyẹ̀wò, tí òmíràn á dákú sórí ìlà, á mọ̀ pé èyí kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ. Bí wọ́n bá lè ṣe é fún ti Àbújá, kí ló dé tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ fáwọn tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ń san tiwọn?

Sáà kejì Gómìnà Abdulrahman bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023. Ọdún mẹ́rin lòfin fún un, kò sì sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa bá ìwé orúkọ Owó Arúgbó lórí tábìlì. Ó lè máa bá a lọ. Ó sì lè ní èèyàn ẹni tó lọ ló pọ̀ nínú ìwé ọ̀hún, kó fa á ya, kó fún tiẹ̀ lórúkọ tuntun. Àwọn olùdíje á wá sí Basin kó tó di ìgbà yẹn, wọ́n á gbé àpò ìrẹsì lọ́wọ́, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, wọ́n á ní "Ẹ ṣàdúrà fún wa, sà." Bàbá lè gba ìrẹsì náà, ebi kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kó tó ṣe àmín, kó bèèrè lọ́wọ́ wọn pé inú òfin wo ni owó àti oògùn àgbàlagbà máa wà, àti pé tí wọ́n bá fìdí rẹmi nínú ìbò, ta lòun máa lọọ bá.

Bàbá tó lọ sí Post Office láàárọ̀ ti ń bọ̀ báyìí. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú Márúwá, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, fáìlì ṣì wà lábẹ́ abíyá. Wọ́n ní ó ku fọ́tò kọ́pì kan, kó padà wá lọ́jọ́ Ajé.